Bí Katakata Bá Rì Sínú Ẹrẹ̀, Ẹ̀mí Ni Kí Á Kọ́kọ́ Yọ

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ààbò ẹ̀ka wa bá àwọn awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ọgbà sọ níbi ìpàdé oṣooṣù)

Ọ̀rọ̀ tí a bá wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí ń fi katakata kékeré gé koríko, ó sì kan gbogbo ẹni tí wọ́n máa ń ké sí láti wá tì í nígbà tí ó bá rì.

Gbogbo wa mọ̀ bí ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá ti rí. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó ń le ní oṣù kẹfà àti ìkeje, ó ń dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì tún ń padà ní oṣù kẹsàn-án. Àkókò yìí náà ni koríko ń dàgbà jù. Ọ̀gá á wò ó, á ní ọgbà ti di igbó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò tí ń mú koríko dàgbà, òun náà ló ń mú ilẹ̀ rọ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ wa pọ̀ jù ni ilẹ̀ kò lè gbé ẹ̀rọ wa.

Ní àkókò òjò tó kọjá, ọ̀kan nínú wa kọ̀ láti gé koríko etí odò ní ọjọ́ kejì òjò ńlá. Wọ́n kọ ìwé sí i pé kí ó wá wí tẹnu rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n rán ẹlòmíràn lọ síbẹ̀. Katakata rì. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ lọ́rì, okùn já, ó sì fò kọjá lójú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dúró ń wòran. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ owó àtúnṣe nínú owó oṣù awakọ̀. Ìdí nìyí tí a fi dìde sọ̀rọ̀ lónìí.

Kí ló ń mú katakata rì? Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wúwo jù, pàápàá nígbà tí ẹ̀rọ ìgékoríko bá wà lẹ́yìn. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí ojú táyà, ojú rẹ̀ á dán, kò ní lè di ilẹ̀ mú mọ́. Bí a bá wá ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára sí i, gbogbo yíyí tí táyà ń yí, kòtò ló ń gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni bí táyà kan bá wà nínú ẹrẹ̀ tí èkejì sì wà lórí ilẹ̀ líle, èyí tó wà nínú ẹrẹ̀ ni yóò máa yí lásán.

Ewu tó tóbi jù nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí i. Bí táyà ẹ̀yìn bá há tí kò lè yí mọ́, tí ẹ́ńjìnnì sì ń fi agbára fà, iwájú katakata ni agbára náà yóò gbé sókè. Katakata lè yí dànù sẹ́yìn lé awakọ̀ lórí kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé. Kò sí akíkanjú tó lè fò bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe so igi mọ́ táyà ẹ̀yìn, ẹ má sì ṣe gbé ìtì igi síwájú rẹ̀ kí ẹ wá máa fi ipá wà á lọ síwájú.

Kí ni ká ṣe? Èkíní, gbàrà tí táyà bá ti ń yí lásán, ẹ dúró. Ẹ dá abẹ ìgékoríko dúró pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Èkejì, ẹ fi jíà tó lọ́ra jù padà sẹ́yìn, ní ojú ipa tí ẹ gbà wọlé. Bí katakata yín bá ní pẹ́dà tí ń mú kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì máa yí pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà kò tíì máa yí, ẹ má sì ṣe yí ọwọ́ ìdarí bí ẹ ti ń lò ó. Ẹ̀kẹta, bí kò bá jáde, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ kúrò. Ẹ̀kẹrin, bí ẹ̀rọ mìíràn yóò bá fà á, irin ìfà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí ń fà ni kí ẹ so ṣéènì mọ́, kì í ṣe ibi tó ga ju ìdí táyà lọ. Kí ó rọra fà, kí ó má ṣe já a gbà. Kí gbogbo òǹwòran kúrò níbi tí ṣéènì lè dé bí ó bá já. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú níí nini lára.

Ọ̀rọ̀ irin ààbò tún wà, ìyẹn irin tó ga lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Láti ọdún 1959 ni orílẹ̀-èdè Sweden ti pa á láṣẹ pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀. Bí ti yín bá ní in, ẹ de bẹ́líìtì ìjókòó. Bí kò bá sí irin náà, ẹ má de bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́, kí á lè bèèrè fún un.

Ẹ̀tọ́ wa ńkọ́? Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 kò gbà kí agbanisíṣẹ́ kàn máa yọ owó ohun tó bàjẹ́ nínú owó oṣù wa. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó ṣe àìbìkítà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní ìwé. Ẹni tí wọ́n rán lọ sínú àbàtà, tó sì lọ, kò mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fara pa, òfin owó ìtanràn ìfarapa òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ sì fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má ṣe rò pé egbò kékeré ni. Ẹ sọ ọ́, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ẹ̀ka wa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Kí awakọ̀ fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ wò ní àárọ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ abẹ́ gé: ibi tí omi bá ti ń sun jáde lábẹ́ gìgísẹ̀, katakata kò ní í débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí etí odò àti etí gọ́tà di ibi tí a ó fi àdá ṣán, tàbí tí a ó fi sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Kí wọ́n ra ṣéènì tó dára, kí okùn jíjá dópin.

Koríko tó ga kò pa ẹnikẹ́ni. A lè gé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn baba wa ní agbára òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ̀yin ará, àwa ni onílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á gbà fún un.