Iná Tán, Bátìrì Gbó, Fóònù Kú: Pípààrọ̀ Bátìrì Nínú Fóònù Tí Ó Ti Pẹ́



1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí bátìrì fóònù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí ó fà á. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí abúlé kan láti gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan. Fóònù mi ni mo fi ń gba ohùn. Nígbà tí màmá bẹ̀rẹ̀, ojú fóònù fi hàn pé iná tí ó kù nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 35 nínú 100. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fóònù náà fi ṣókùnkùn. Mo fi wáyà so ó mọ́ páwà báǹkì, ó tàn. Mo yọ wáyà, ó tún kú. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé èyí tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀ yìí ni o fẹ́ kí ó bá mi tọ́jú ọ̀rọ̀?"

Nígbà tí mo padà dé ìlú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta fóònù yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Bàbá, fóònù yìí ti kú. Ẹ ra òmíràn." Ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́, nítorí pé ohùn àwọn àgbà 17 ni ó wà nínú fóònù náà, àwọn mẹ́ta nínú wọn sì ti di ará ọ̀run. N kò ṣe ẹ̀dà wọn sí ibòmíràn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn ní ẹ̀gbẹ́ títì ni ó gbà mí sílẹ̀. Ó gba fóònù náà, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, bàbá. Fóònù kò kú. Bátìrì ni ó gbó." Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni ó bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òní.

2. Tán, gbó, kú

Bí a bá fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn wa, ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń sọ nígbà tí fóònù bá dákẹ́:

(a) Iná ti tán nínú fóònù mi.
(b) Bátìrì fóònù mi ti gbó.
(d) Fóònù mi ti kú.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta yìí kò jọra. Ohun tí ó tán ni a lè tún bù sí: bí omi bá tán nínú àmù, a ó pọn òmíràn. Ohun tí ó gbó ni a lè pààrọ̀: bí aṣọ bá gbó, a ó rán tuntun, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kì í bá a gbó. Ohun tí ó kú ni a ń sin. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kú ti gba iṣẹ́ mọ́ àwọn méjì yòókù lọ́wọ́. Ẹni tí iná tán nínú fóònù rẹ̀ yóò ní ó kú. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ gbó yóò ní ó kú. Èyí kò ní wàhálà nínú nígbà tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iná, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ ṣájà. Ibi tí wàhálà wà ni àárín gbó àti kú. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò sin ohun tí kò kú, yóò sì san owó ìsìnkú náà fún ẹni tí ń ta tuntun.

3. Kí ni ó ń gbó nínú bátìrì?

Irú bátìrì tí ó wà nínú fóònù ìgbàlódé ni à ń pè ní lithium-ion. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Stanley Whittingham fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970; John Goodenough àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní Oxford mú cobalt wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1980; Akira Yoshino ní ilẹ̀ Japan sì ṣe èyí tí ó ṣeé lò láìséwu púpọ̀ ní ọdún 1985. Sony ni ó kọ́kọ́ gbé e dé ọjà ní ọdún 1991. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta wọ̀nyí ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místrì ní ọdún 2019. Ọwọ́ Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Morocco ni Rachid Yazami, tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí graphite ní àwọn ọdún 1980 ran bátìrì yìí lọ́wọ́. Láti inú ilẹ̀ Kóńgò ti Kinshasa ni wọ́n sì ti ń wa èyí tí ó pọ̀ jù nínú cobalt tí gbogbo ayé ń lò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo abúlé méjì tí odò kan wà láàrin wọn. Abúlé kìn-ín-ní ni ti cobalt, èkejì ni ti graphite. Lithium ni èrò ọkọ̀. Nígbà tí a bá ń fi iná sí fóònù, ńṣe ni à ń kó èrò wọ̀nyí kọjá odò lọ sí abúlé kejì. Nígbà tí a bá ń lo fóònù, wọ́n ń padà bọ̀ wá sílé, ara ìpadàbọ̀ wọn sì ni iná tí a ń lò ti ń wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èrò tí ó lọ ni ó ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kan ń há sí èbúté abúlé kejì, tí wọ́n di èépá tí ó lẹ̀ mọ́ ara graphite. Àbùkù méjì ni èyí ń fà. Èkínní, èrò dín kù, nítorí náà iná tí bátìrì lè gbà dín kù pẹ̀lú. Èkejì, èbúté há, tí ó fi jẹ́ pé bí fóònù bá béèrè iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì kò lè tètè pèsè rẹ̀. Agbára rẹ̀ yóò já wálẹ̀ lójijì, fóònù yóò sì pa ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí tèmi fi kú níwájú màmá nígbà tí ìdá 35 ṣì wà lójú rẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe fóònù sábà máa ń kà á sí pé bátìrì ti gbó nígbà tí iná tí ó lè gbà bá ti lọ sílẹ̀ sí ìdá 80 nínú 100 èyí tí ó ń gbà ní tuntun. Ilé-iṣẹ́ Apple, fún àpẹẹrẹ, sọ pé bátìrì àwọn iPhone tí ó ṣáájú iPhone 15 yóò dé ibẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí àlọ-àbọ̀ 500, ti iPhone 15 síwájú sì di 1000. Ẹni tí ń lo gbogbo iná inú fóònù rẹ̀ tán lójoojúmọ́ yóò pé 500 kí ọdún méjì tó pé. Ooru tún ń mú kí ó yá: fóònù tí a fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú oòrùn, tàbí tí a fi sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí ó ń gba iná, yóò gbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

4. Bí wọ́n ṣe ti bátìrì mọ́lé

Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, kò sí ẹni tí ó ń bẹ̀rù bátìrì. Èékánná ni a fi ń ṣí ẹ̀yìn fóònù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan nínú àpò. Ní ọdún 2007 ni iPhone àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú bátìrì tí wọ́n tì mọ́ inú rẹ̀, àwọn yòókù sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn Galaxy S5 ti ilé-iṣẹ́ Samsung, tí ó jáde ní ọdún 2014, ṣì ṣeé ṣí. Ti Galaxy S6 ní ọdún 2015 kò ṣeé ṣí mọ́. Àwọn tí ń ṣe é ní nítorí kí fóònù lè fẹ́lẹ́ ni, kí omi má sì wọ inú rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé S5 tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí yìí náà lè wọ inú omi kí ó sì jáde láìbàjẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2017 ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Apple jẹ́wọ́ pé àwọn ti fi ètò tuntun sínú àwọn iPhone kan tí ó ń mú kí wọ́n falẹ̀ bí bátìrì wọn bá ti gbó. Kí a má purọ́ mọ́ wọn, ìdí tí wọ́n sọ ni pé kí fóònù má baà máa kú lójijì bí tèmi. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún ẹni tí ó ni fóònù. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń falẹ̀ gbà pé ó ti darúgbó, ó sì lọ ra òmíràn. Ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó sì dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí dọ́là 29 ní ọdún 2018. Ilẹ̀ Faransé bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 owó euro lé e ní ọdún 2020. Ẹ wá wo èyí tí ó jọ mí lójú jù: ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, Tim Cook, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, kọ lẹ́tà sí àwọn tí ó ní owó níbẹ̀ pé fóònù tuntun kò tà tó bí àwọn ti rò, ó sì ka ẹ̀dínwó bátìrì mọ́ ohun tí ó fà á. Kò sí ẹ̀rí tí ó tún ju èyí lọ. Nígbà tí gbó rí ìtọ́jú, kú kò rí oníbàárà.

5. Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Kì í ṣe pé kí gbogbo wa di alátùn-únṣe ni mo ń wí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó gbé fóònù lọ mọ ohun tí ó yẹ kí ó rí. Alátùn-únṣe tí ó mọ iṣẹ́ kì í ṣí fóònù tí iná kún inú rẹ̀. Yóò jẹ́ kí ó lọ sílẹ̀ sí ìdá 25 tàbí kí ó dín, nítorí pé bátìrì tí ó kún, bí ó bá gún, iná rẹ̀ le jù. Yóò pa fóònù. Yóò fi ooru díẹ̀ rọ gọ́ọ̀mù etí rẹ̀, yóò sì fi ike pẹlẹbẹ là á. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, ibi tí bátìrì ti so mọ́ ara fóònù ni yóò kọ́kọ́ tú. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ bátìrì kúrò lára gọ́ọ̀mù ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò ní fi ọ̀bẹ tàbí irin hú u, kò sì ní tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ. Bátìrì tí ó bá wú bíi búrẹ́dì, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tún fi iná sí i.

Àwa tí a dàgbà nígbà rédíò mọ̀ pé bí bátìrì rédíò bá ń rẹ̀, a máa ń sá a sóòrùn, ohùn rédíò yóò sì tún gbé sókè fún ìgbà díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n yẹn lo bátìrì lithium. Ohun tí ó ran ti àtijọ́ lọ́wọ́ ni ó ń pa ti ìsinsìnyí. Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Bátìrì tí kò tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ó sì kọ sí ara pé òun gba iná ní ìlọ́po méjì, irọ́ ni ó ń pa.

6. Ta ni ó ni fóònù?

Bí èèkù àdá bá kán, àgbẹ̀ kì í sọ àdá nù. Igi mìíràn ni yóò fi rọ́pò rẹ̀. Kò sì sí alágbẹ̀dẹ tí yóò ní èèkù tí òun nìkan gbẹ́ ni àdá náà gbọdọ̀ lò. Ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí fóònù nìyí. Láti ìgbà iPhone XS àti XR ti ọdún 2018, fóònù náà fúnra rẹ̀ ń kọ ìkìlọ̀ sí ojú rẹ̀ bí bátìrì tí kò mọ̀ bá wọ inú rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé lọ sílé ni èyí: ohun tí mo fi owó mi rà, tí n kò lè ṣí, tí n kò sì lè pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ó gbó, ṣé mo rà á ni, àbí mo háyà rẹ̀?

Àwọn kan ti ń dáhùn. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023 fi ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2027 lélẹ̀ pé láti ìgbà náà, bátìrì inú irú ẹ̀rọ báyìí gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tí ó ni ín lè yọ fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún fóònù tí bátìrì rẹ̀ lálòpẹ́ gidigidi. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ọdún 2024 lòdì sí fífi ètò kọ̀ǹpútà dí alátùn-únṣe lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ó ti kan àwọn lọ. Ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń lò ni ó jẹ́ tòkunbọ̀. Bátìrì rẹ̀ ti ná ìdajì ìrìn rẹ̀ ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà kò sì wọ́n wa: ẹni tí ó bá ti dé Computer Village ní Ìkẹjà rí yóò jẹ́rìí mi. Ohun tí ó wọ́n wa ni bátìrì tí ó ṣeé fọkàn tán, àti ibi tí a lè kó èyí tí ó gbó sí dípò ààtàn, níbi tí ó ti lè gbiná.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkínní, kí a máa béèrè kí a tó ra tuntun: ṣé ó kú ni, àbí ó gbó? Èkejì, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń lọ gba ohùn àwọn àgbà má fi ẹ̀dà kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú fóònù. Ẹ kọ́gbọ́n lára mi. Ẹ̀kẹta, kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa má fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn tí ń jókòó lábẹ́ agboòrùn tún nǹkan ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni ó dá ohùn àwọn òkú mẹ́ta padà fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí, kò sì lò ju wákàtí kan lọ.

Mo padà sí abúlé náà. Fóònù yẹn kan náà ni mo mú lọ. Màmá sun ẹkún ìyàwó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iná kò sì tán. Nígbà tí ó parí, ó béèrè bóyá tuntun ni mo rà. Mo ní rárá, ti tẹ́lẹ̀ ni, a kàn pààrọ̀ ohun tí ó gbó nínú rẹ̀ ni. Ó mi orí, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."