Ọta Ló Ń Pàṣẹ fún Ìlà



Àwọn àgbà tó wà níbí kò gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin, tí wọ́n dorí kọ Èkó, tí wọ́n sì bá ìjà pàdé ní Òrè. Títí dòní, bí nǹkan bá le, ẹ ó gbọ́ tí Yorùbá ń wí pé, "Ó le kú, ìjà Òrè!" Ìbọn G3 tí ará Jámánì ṣe wà lára èyí tí wọ́n fi ja ogun abẹ́lé yẹn. Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí ṣakabùlà ọdẹ wa?

Inú ọ̀pá ni. Inú ọ̀pá ṣakabùlà ń dán bọ̀rọ́. Ti G3 ní ìlà mẹ́rin tí wọ́n fín sára irin, tó ń lọ́ bí okùn. Ìlà yẹn ló ń mú ọta yí bó ti ń jáde.

Ẹ rántí òkòtó tí a ń ta lọ́mọdé. Bó bá ń yí, ó dúró ṣánṣán. Bí yíyí rẹ̀ bá rẹlẹ̀, ó ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọta: bí kò bá yí tó, yóò máa tàkìtì lójú afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n ọta gígùn ṣòro láti gbé dúró ju ọta kúkúrú lọ. Gígùn ọta G3 ju ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀ lọ, nítorí náà ìlà rẹ̀ ń yí po lẹ́ẹ̀kan nínú ínṣì 12. Ọta ìbọn ìléwọ́ M1911 ti Amẹ́ríkà rí kìǹbà, gígùn rẹ̀ kò tó ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Kí ìlà rẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀kan nínú ínṣì 16 ti tó o. Ọ̀pá M1911 kò ju ínṣì 5 lọ, nítorí náà ọta rẹ̀ kò yí dé ìdá mẹ́ta òbìrípo kan kó tó jáde. Síbẹ̀, ó ń yí ní nǹkan bí 600 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti G3 ju 2,500 lọ.

Ẹ má rò pé gígùn ìbọn ló fà á. Nígbà tí ará Amẹ́ríkà fi ọta tó gùn sí i sínú M16, ìbọn náà kò di òmíràn, ìlà rẹ̀ ni wọ́n lọ́ le sí i, láti ínṣì 12 sí ínṣì 7.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ má ka ìbọn yín sí aláìpé. Ọta wẹ́wẹ́ ni ẹ ń kì í; bí ìlà bá yí i, ṣe ni yóò fọ́n káàkiri. Ọta ló ń pàṣẹ, ìlà ń jẹ́ ẹ.