Bọ́tìnnì Ogun Tí Ó Wà Nínú Àpótí Àwọn Bàbá Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú

Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí kì í ṣe ti títì tàbí ti omi ẹ̀rọ. Ohun kékeré tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyíinì ni bọ́tìnnì idẹ ara aṣọ sójà àtijọ́.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa jà ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà nígbà ogun 1914 sí 1918, àti pé wọ́n tún jà ní Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó padà wálé kò kó ọrọ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì díẹ̀ kù nínú àpótí àwọn mìíràn. Àwọn ọmọdé ń fi í ṣeré, àwọn àgbà sì ń tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù.

Ní agboolé kan ní ìlú yìí, wọ́n fi bọ́tìnnì méjì hàn wá nínú agolo, wọ́n ní ti bàbá àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà ni méjèèjì. Igi ọ̀pẹ wà lára ọ̀kan. Adé wà lára èkejì, ṣùgbọ́n adé ayé Ọbabìnrin Elizabeth ni, bẹ́ẹ̀ ni ogun Bọ́mà ti parí ní 1945, Ọbabìnrin náà kò sì gorí ìtẹ́ títí di 1952. Nígbà tí a sọ èyí, ìyá àgbà kan nínú ilé náà mí kanlẹ̀. Ó ní àbúrò bàbá náà pẹ̀lú ṣe sójà lẹ́yìn ogun, ó sì kú láì bímọ. Àwọn ọmọ ilé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ó mú un padà sẹ́nu wọn.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wo ojú rẹ̀. Igi ọ̀pẹ ni àmì West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn sójà Èkó wọ inú rẹ̀ ní 1901. Ní 1928 ni a fi Royal kún orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí WAFF láìsí R níwájú, àmì ìgbà tí ó ṣáájú 1928 ni. Bí ó bá jẹ́ RWAFF, àmì ìgbà tí ó wà láàárín 1928 àti 1960 ni, ọdún tí a tú ẹgbẹ́ ogun náà ká.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo adé. Èyí tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì lò láti ayé Ọba Edward Keje títí di ti Ọba George Kẹfà, 1901 sí 1952, orí rẹ̀ yọ róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ti Ọbabìnrin Elizabeth tẹ̀ wọlẹ̀ ní àárín. Ẹ ṣọ́ra, nítorí pé ti Ọbabìnrin Victoria náà tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àwọn àmì yòókù wé e kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ yí bọ́tìnnì náà padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìkọ́ kékeré tí a fi ń so ó mọ́ aṣọ, àti orúkọ ẹni tí ó rọ ọ́ nígbà mìíràn, bí Firmin ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Gaunt ti Birmingham. Ibi tí a ti ṣe é ni orúkọ yìí ń sọ, kì í ṣe ibi tí a ti wọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o. Àwọn sójà ń dán an nítorí ọ̀gá wọn, ṣùgbọ́n ìdánra púpọ̀ ń jẹ àwòrán ojú rẹ̀. Aṣọ gbígbẹ, múlọ́múlọ́, ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ọ̀rinrin kò sí. Bí ó bá ṣì wà lára aṣọ, ẹ má gé e kúrò.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè lọ sí National Army Museum ní Chelsea, kí ojú yín lè mọ irú nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹ bá rí i lórí àtẹ, ẹ bi olùtà léèrè ibi tí ó ti rí i, nítorí pé ayédèrú ń bẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká wa lára jù ni èyí. Bọ́tìnnì lè sọ ẹgbẹ́ ogun, ó lè sọ àkókò. Kò lè sọ orúkọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ẹnu àwọn àgbà ni orúkọ náà wà, àwọn àgbà sì ń lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí pé kí a ṣí ìwé kan sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú. Kí olúkúlùkù mú ti ilé rẹ̀ wá, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín, agboolé rẹ̀, àti ẹni tí ó sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Lẹ́yìn náà kí ó mú ohun ìní rẹ̀ lọ sílé. Ìtàn ni a ń tọrọ, a kò tọrọ idẹ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á ṣe ọdún mìíràn pọ̀. Ìlú wa yóò máa gòkè.