Bọ́tìnì ẹ̀rọ fọ́tò ẹgbẹ́: ta ló yẹ kó máa yí i?



Àwọn kan ti bi wá pé kí ló kan òṣèlú nínú bọ́tìnì ẹ̀rọ fọ́tò. Ó kàn án o. Lọ́dún 1930, Albert Kahn, olówó báńkì kan ní Paris, fi owó sílẹ̀ kí fadá Aupiais àti ayàwòrán Frédéric Gadmer wá ya ayé àwọn ènìyàn Dahomey. Boulogne, lẹ́bàá Paris, ni àwòrán wọ̀nyẹn wà títí dòní. Ní báyìí, ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Òun la fi ń ya ìjòyè tuntun, ààlà oko, ẹ̀rí ẹnu àwọn àgbà, àti ìwé ilẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti oṣù kẹjọ 2013 ti jáde, ẹ mọ bí ìwé ti di ọ̀rọ̀ ńlá láàrin wa. Fọ́tò kì í rọ́pò ìwé, àmọ́ bí ikán bá jẹ ìwé, fọ́tò á jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kan, ọwọ́ márùn-ún. Èyí tó ń ya bọ́ọ̀lù á yí i kó máa yára. Èyí tó ń ya ìgbéyàwó á yí i nítorí oòrùn. Nígbà tí a wá kó àwọn àgbà jọ sínú yàrá kí wọ́n sọ ibi tí ààlà gbà, fọ́tò dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà yẹn ti lọ. Ta la fẹ́ padà lọ yà?

A ò ní kí ọ̀dọ́ má yí bọ́tìnì. Ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ to ẹ̀rọ kó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lórí ẹ̀rọ. Canon ni tiwa, ẹ óo rí C1 àti C2 níbẹ̀. Ẹni tó ní Nikon D7000, tó jáde ní 2010, U1 àti U2 ni tirẹ̀. Ibi ìpamọ́ ni wọ́n. Ẹ óo kọ́kọ́ to ẹ̀rọ dáadáa, ẹ óo wọ inú mẹ́nù, ẹ óo sì fi gbogbo ètò náà pamọ́ sí C1. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ á kàn yí kẹ̀kẹ́ sí C1 ni, ètò ẹgbẹ́ á padà wá. Àmọ́ ibì kan wà nínú mẹ́nù yẹn tó ń bèèrè bóyá kí ẹ̀rọ máa gba àyípadà fúnra rẹ̀. Ẹ pa á! Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, ọmọ tó ń ya bọ́ọ̀lù á ti yí C1 pẹ̀lú láìmọ̀.

Ohun tí a dábàá nìyí. Kí C1 wà fún ààfin àti yàrá: kí ojú ẹ̀rọ là tán, kí ISO máa yí fúnra rẹ̀ dé 6400, kí ó má sì lọ́ra ju 1/125 lọ. Kí C2 wà fún ìwé: ISO 100, f/8, ẹ̀rọ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó yà, kí ọwọ́ má baà mì í.

Ó ku bọ́tìnì ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn kí ẹ̀rọ máa fi bọ́tìnì ẹ̀yìn gbájú mọ́ ẹni tí wọ́n ń yà, kí tòkè kàn máa yàwòrán. Ó dára fún bọ́ọ̀lù, a gbà. Fún ẹ̀rọ ẹgbẹ́, a lòdì sí i. Ìyá tí wọ́n bá sọ pé “ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́” á tẹ tòkè nìkan, àwòrán á sì rí ràì-ràì.

Ẹ yẹ aago àti ọjọ́ inú rẹ̀ wò pẹ̀lú. Faransé ni àwọn ọmọ wa ti rà á wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn níbẹ̀, aago Paris fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Bí a bá fẹ́ sọ ìgbà tí ìpàdé ààlà kan wáyé, ọjọ́ tí kò tọ́ lórí fọ́tò á fún alátakò ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà gbé e wá, ká jọ to C1 àti C2 lójú gbogbo ènìyàn, ká kọ ọ́ sórí bébà, ká fi sínú àpò rẹ̀. Kó jọ̀ọ́, kó ti gba iná sí bátìrì rẹ̀ o.