Ìtànṣán Pé Oríṣiríṣi: Ohun Tó Ń Ṣe sí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka ọ̀dọ́ wa nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọdé ni mí, mo ṣì wà ní yunifásítì, èmi kì í sì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tótó, ó ṣe bí òwe o.

Ohun tó fà á rèé. Àǹtí mi kan, àbúrò màmá mi, ní jẹjẹrẹ ọmú apá òsì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà ní kí wọ́n wá gba ìtànṣán nígbà 25, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọn ò tíì dé ìdajì tí ẹnì kan fi sọ fún wọn pé ẹ̀rọ yẹn máa ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ lára. Wọ́n pè mí lórí fóònù: "Ìwọ tó o wà ní yunifásítì, ṣé òótọ́ ni?" Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀. Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù ná, àǹtí." Sùúrù yẹn ló di ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn ò lọ. Nígbà tí wọ́n padà, inú dókítà ò dùn rárá, torí àkókò tí a bá fo ìtọ́jú ni jẹjẹrẹ fi ń rí àyè tún hù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìtànṣán ni agbára tó ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ooru iná, ìgbì rédíò àti ti fóònù, X-ray, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n agbára wọn ò dọ́gba rárá.

Ẹ rántí ariwo tó sọ lórí mast fóònù, pé yóò ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa jẹ́. Agbára ìgbì rẹ̀ ò tó láti já nǹkan inú sẹ́ẹ̀lì. Tí a bá fẹ́ bá wọn jà, ẹ jẹ́ ká jà lórí èéfín jẹnẹrétọ̀ wọn. Èéfín ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ lóòótọ́.

Ooru ńkọ́? Tí ara bá gbóná, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ á fẹ̀ kí ooru lè jáde, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òòyì fi lè kọ́ bàbá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá dúró pẹ́ nínú oòrùn.

Oòrùn tún ní ìtànṣán kan tí ojú ò rí. Ó ń mú kí awọ tú gáàsì kan sílẹ̀ tó ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn da oògùn yín nù o! Ìtànṣán yìí kan náà ló ń fa jẹjẹrẹ awọ fún àwọn àfín wa.

Ìmọ́lẹ̀ laser náà wà. Àtọ̀gbẹ lè mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò lágbára hù sẹ́yìn ojú, kó sì máa jò. Dókítà lè fi laser dá a dúró kí ojú má baà fọ́.

Wàyí o, àwọn tó le: X-ray àti àwọn ìbátan rẹ̀. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èyí tó wà nínú èèpo ẹyin. Tí ìtànṣán tó pọ̀ bá bà á, ó lè wú, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ọn, iṣan á le, á sì fún. Àwọn tó tín-ín-rín jù lè dí pátápátá. Kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Lára àwọn tó la bọ́ǹbù Hiroshima àti Nagasaki já ní 1945, àwọn tí ìtànṣán bà púpọ̀ ní àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ju àwọn tó kù lọ.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀. X-ray àyà kan jẹ́ nǹkan bí 0.1 millisievert. Ilẹ̀, afẹ́fẹ́, ojú ọ̀run àti oúnjẹ ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lágbàáyé ní bí 2.4 lọ́dún. X-ray kan ò ju ti ọ̀sẹ̀ méjì lọ nìyẹn. CT scan pọ̀ jù ú lọ dáadáa, nítorí náà ẹ má ṣe é láìnídìí. Scan aláboyún ò sí níbẹ̀ rárá. Ohùn ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ìtànṣán ìtọ́jú jẹjẹrẹ ló pọ̀ jù. Ti ọmú òsì lè kan ọkàn. Ti ọrùn lè kan iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ewu ti ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 5, kó sì wà fún ogún ọdún ó kéré tán. Ṣé ká wá sá fún un? Rárá o! Jẹjẹrẹ tí a ò tọ́jú kì í dúró de ogún ọdún. Ẹ bi dókítà bóyá mímí sínú, kí a sì dì í mú, lè gbé ọkàn yín jìnnà sí ìtànṣán. Ẹ parí ìtọ́jú. Ẹ tọ́jú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà yòówù tí ẹ bá tún rí. Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà, ẹ má sì mu sìgá.

Àǹtí mi parí tiwọn. Wọ́n ti padà sídìí ọjà wọn, wọ́n sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí ji ara mi tán lórí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ka ọ̀dọ́ nìyí: kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ méjì tí a lè fi máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà ìpàdé, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa ọ̀dọ́ la máa wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí àgbà bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀, kí ẹ sì bá wọn wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.