Ọ̀gá àti Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Nídìí Ẹ̀rọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Èrò ọ̀nà tí ń kọjá lọ lè má mọ ohun náà, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ń fín ẹwìrì kì í ṣe èrò ọ̀nà. Bí òun náà kò bá mọ ìdí tí òòlù fi ń bọ́ sí ojú kan náà, ẹ̀bi ta ni?

Ìbéèrè yìí kan gbogbo ilẹ̀ Òkun, láti Kàbà dé Ìjùmú, Yàgbà àti Bùnú, níbi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń fa ọmọ lé mẹkáníìkì, wẹ́dà tàbí oníléètì lọ́wọ́.

Ẹ wo bí a ti ń fi bíárìn sí orí ṣáàfù. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ dúró, ó ń wòran. Ọ̀gá gbé páìpù kékeré kan lé bíárìn, ó fi òòlù gbá a díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọlé. Ọmọ rí òòlù, ó rí páìpù. Ohun tí kò fiyè sí ni pé ẹnu páìpù náà wà lórí òrùka inú, èyí tí ó fún mọ́ ṣáàfù. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá kò bá sí nítòsí, òrùka ìta ni yóò gbá. Bíárìn yóò wọlé bákan náà, oníbàárà yóò sanwó, yóò sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n agbára òòlù ti gba ara àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú rẹ̀ kọjá, ó sì ti dá àpá sí ojú ibi tí wọ́n ń yí lé. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀rọ yóò fi máa ké. Oníbàárà yóò ní ayédèrú ni bíárìn tí wọ́n tà fún òun, ọ̀gá pàápàá lè gbà bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ìbá ti gba bíárìn náà là: òrùka tí ó bá fún ni kí o máa gbá.

Kí ló dé tí ọ̀gá kò sọ ọ́? Òmíràn mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún òun náà rí. Òmíràn ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá mọ gbogbo rẹ̀ tán, yóò lọ ya ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán. Síbẹ̀, ọmọ jẹ́ àmánà lọ́wọ́ ẹni tí a fà á lé, a ó sì bi í léèrè nípa rẹ̀. Ọdún mẹ́ta tí a fi ń rán an ní oúnjẹ, tí a fi ń mú un fọ mọ́tò, tí a fi ń mú un pọnmi fún ìyàwó ọ̀gá, ta ni yóò dá a padà fún un? Ọjọ́ fírídọ̀m á dé, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọ̀kadà ni ọmọ ń gùn.

Ẹlòmíràn lè rò pé bí a bá ti kó ọmọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá, ọ̀ràn ti bùṣe. Àjàòkúta kò jẹ́rìí sí i. Ní 1979 ni ìjọba àpapọ̀ bá Tyazhpromexport ti Soviet Union ṣe àdéhùn láti kọ́ ilé iṣẹ́ irin sí etí Odò Ọya. Wọ́n rán ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà lọ sí òkè òkun láti kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó fi di 1994, wọ́n kéde pé iṣẹ́ ìkọ́lé ti dé ìdá 98 nínú 100. Síbẹ̀, títí di 2024, ìléru ńlá tí ó yẹ kí ó máa yọ́ irin kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ náà ti fẹ̀yìntì láìrí ìléru tí ń jó tí wọn ìbá mú ọmọ dúró tì. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní Àjàòkúta, wọ́n kọ́ ọmọ, ilé ni wọn kò kọ́ tán.

Iṣẹ́ láìsí ẹ̀kọ́ ni ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kọ́ láìsí iṣẹ́ ni ti Àjàòkúta. Ibi tí wọ́n ti gbìyànjú láti so méjèèjì pọ̀ kò jìnnà. Ọ̀nà kọnkéré kìlómítà 43 ni ó so Kàbà mọ́ Ọbajánà, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007. Ilé ẹ̀kọ́ Dangote Academy wà níbẹ̀, ó sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú VDMA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ ní Jámánì, àti ITF tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1971, láti kọ́ ọ̀dọ́ ní ìlànà Jámánì. Ní Jámánì, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó ń lo ọjọ́ kan tàbí méjì nínú kíláàsì. Ohun tí ó yẹ kí ó ya ọ̀gá lẹ́nu ni pé òfin wọn kò gbà pé mímọ iṣẹ́ nìkan tó láti kọ́ ọmọ. Ẹni tí yóò bá kọ́ ọmọ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n kọ́, ìdánwò sì wà fún un.

Ọ̀nà ìkọ́ni tí wọ́n ń lò kò ṣòro. Charles Allen ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ní 1919, lẹ́yìn tí ó ti fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọ̀gá yóò kọ́kọ́ wádìí ohun tí ọmọ ti mọ̀. Yóò fi iṣẹ́ hàn án, yóò máa sọ ìdí rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é. Ọmọ yóò wá ṣe é lójú ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, a ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ó máa padà wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ìpele kẹta ni ó ń nira jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀gá tí ó bá béèrè pé, “Ṣé ó yé ọ?” kò ní gbọ́ ju “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” lọ. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kò ní lè wo ojú ọ̀gá kí ó ní kò yé òun. Nítorí náà, kí ọ̀gá má béèrè. Kí ó gbé páìpù àti òòlù fún un, kí ó ní, “Ṣe é, kí o sì sọ ìdí tí o fi gbé e síbẹ̀ fún mi.” Bí ọmọ bá ṣe é tí kò lè sọ ìdí rẹ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n.

Nǹkan kan tún wà tí ṣọ́ọ̀bù lè yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá láìnáwó púpọ̀. Kí òṣìṣẹ́ tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, a ti pa iná rẹ̀, a ti fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe lápò ọ̀gá. Ariwo “Ẹ má tàn án o!” kò lè dá ẹ̀rọ dúró.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ ju iye owó àti iye ọdún lọ. Kí ó dárúkọ iṣẹ́ tí ọmọ yóò lè dá ṣe ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan: ní ọdún kìíní, kí ó lè wọn ṣáàfù kí ó sì pààrọ̀ bíárìn, ní ọdún kejì, kí ó lè tú ẹ́ńjìnnì kí ó sì tò ó padà. Èyí tí ọmọ bá ṣe lójú òbí àti ọ̀gá ni kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí.