Ẹni Tí Ó Ń Mu Sìgá Tí Ó Sì Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Eré Sísá

Ìbéèrè tí olóòtú gbé ka iwájú mi kì í ṣe ti gírámà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti lítíréṣọ̀. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó ń mu sìgá, tí kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó wù ú láti máa sáré ní òwúrọ̀ nítorí ìlera. Ṣé kí ó kọ́kọ́ fi sìgá sílẹ̀ ná ni, àbí kí ó bẹ̀rẹ̀ eré náà báyìí? Ìdáhùn mi ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí ó sọ eré sísá di ìwé àṣẹ tí yóò máa fi ra sìgá.

Ìlú Ìwó ni n óò mú ṣe àpẹẹrẹ. Ìwó wà láàrin Ìbàdàn àti Òṣogbo, sìgá kì í sì í ṣe àlejò ní agbègbè yìí. Ní Òṣogbo ni ilé-iṣẹ́ British American Tobacco ti kọ́kọ́ gbìyànjú sìgá ṣíṣe ní ọdún 1933, kí ó tó kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí Ìbàdàn ní ọdún 1937. Kí sìgá tó dé pàápàá, àwọn baba wa ti ń fi ìkòkò mu tábà. Lóòótọ́, àwọn tí ó ń lò ó kò pọ̀ tó bí a ti rò: ìwádìí kan tí a ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 2012 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà ọkùnrin, nǹkan bí 10 ni ó ń lo tábà, nínú 100 obìnrin, bí ẹyọ 1 péré. Ṣùgbọ́n àwọn 10 yìí kò jìnnà sí wa. Wọ́n wà nínú yàrá olùkọ́, wọ́n sì wà lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrà díẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni. A ní ènìyàn ń mu omi, ó ń mu ẹ̀kọ, ó sì ń mu sìgá. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, àmọ́ ó ń tàn wá jẹ. Èéfín kò bá omi àti ẹ̀kọ lọ sí ikùn. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nínú èéfín náà ni gáàsì kan wà tí a ń pè ní carbon monoxide. Ohun inú ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa gbé ọ́síjìn kiri máa ń dì mọ́ gáàsì yìí ju bí ó ti ń dì mọ́ ọ́síjìn lọ, ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Ọkọ̀ tí èrò àìtọ́ ti jókòó kún ni ẹ̀jẹ̀ amusìgá: ọ́síjìn dé ibùdókọ̀, kò rí ààyè. Nikotíìnì ní tirẹ̀ a máa mú kí ọkàn lù kíkankíkan, a sì máa fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ọkùnrin náà kò tíì gbé ẹsẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti ń sáré.

Bí a kò bá mu òmíràn, ìdajì gáàsì náà a máa jáde kúrò lára láàrin nǹkan bíi wákàtí 4 sí 5. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìdájí. Ẹni tí ó sun oorun wákàtí 8, bí ó bá jí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju bí yóò ti mọ́ lọ ní gbogbo ọjọ́ náà. Kí ó bọ́ sí ìta kí ó tó fi iná sí èyí àkọ́kọ́. Èrè méjì ni yóò jẹ níbẹ̀, nítorí pé eré náà yóò ti sún sìgá àkọ́kọ́ síwájú. Àwọn dókítà tilẹ̀ máa ń fi ìbéèrè yìí díwọ̀n bí sìgá ti di ènìyàn mú tó: ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn tí o jí ni o máa ń mu ún?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun kò lè dúró, kí ó wo oṣù Ràmàdánì. Ìwó jẹ́ ìlú tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí gidigidi. Amusìgá inú wọn a jẹ sàárì, láti ìgbà náà títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, ó lé ní wákàtí 13, kò ní fi sìgá kan ẹnu. Títí di ìrọ̀lẹ́, ìwọ̀nba gáàsì díẹ̀ ni yóò kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn kan kò tíì jẹ dàbínù ìṣínu tán tí wọ́n ti ń wá ìṣáná. Ẹni tí ó lè ṣe èyí fún ọjọ́ 29 tàbí 30 ti já ara rẹ̀ nírọ́. N kò ní kí ẹnikẹ́ni sáré nínú oòrùn pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Kí ó fẹsẹ̀ rìn kánkán lẹ́yìn ìṣínu, ní àsìkò tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá sìgá gan-an. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 péré a máa mú kí ọkàn sìgá rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nípa eré náà fúnra rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ni mo ń bẹ̀rù fún jù. Ọjọ́ kìíní ni wọ́n máa ń fẹ́ sá a bí ẹni tí ó ń lépa ẹ̀bùn, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì ń dùbúlẹ̀. Kí olùbẹ̀rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 10, kí ó sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 1, kí ó tún rìn fún ìṣẹ́jú 2, kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi tó ìdajì wákàtí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò ná owó: bí kò bá lè sọ odindi gbólóhùn kan já láìdúró mí, eré náà ti yá jù. Àwọn aládùúgbò yóò sọ̀rọ̀, dájúdájú. Yorùbá ní ènìyàn kì í sáré wọ inú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Kí ó dá wọn lóhùn pé ejò ni ó ń lé òun, ó sì wà nínú àpò òun.

Ohun kan wà tí ó ti dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà lọ́nà. Àwọn irun wẹ́wẹ́ wà nínú ọ̀nà èémí wa tí wọ́n ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìdọ̀tí jáde bí ìgbálẹ̀. Èéfín a máa sọ wọ́n di aláìlágbára. Bí ènìyàn bá jáwọ́, wọn a tún jí sí iṣẹ́ wọn, ikọ́ a sì lè pọ̀ sí i fún ìwọ̀nba àkókò. Òun a wá wí pé, "Láti ìgbà tí mo ti ń sáré ni àyà mi ti bàjẹ́," a sì padà sídìí sìgá. Àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n bí ikọ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí ikọ́ ife kò tíì kúrò láàrin wa.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ James Fixx. Páálí sìgá méjì ni ó ń mu lójúmọ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ eré sísá ní ọdún 1967, ní ẹni ọdún 35. Ó jáwọ́ nínú sìgá, ìwé tí ó kọ lórí eré sísá ní ọdún 1977 sì tà wàràwàrà. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1984, ó kú lójú ọ̀nà níbi tí ó ti ń sáré ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní ẹni ọdún 52. Nígbà tí a yẹ òkú rẹ̀ wò, a rí i pé àwọn iṣan tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn rẹ̀ ti dí. Àrùn ọkàn ni ó pa baba rẹ̀ náà, ní ẹni ọdún 43. Ẹnu àwọn ọ̀lẹ kò sinmi: "Ẹ ò rí i? Eré ni ó pa á." N kò bá wọn gbà á. Eré kọ́ ni ó dí iṣan. Àmọ́ ọdún 17 tí ó fi sáré kò lè ṣí gbogbo ohun tí ó ti dí. Nítorí náà, amusìgá tí ó bá ti tó ẹni 40 ọdún, tàbí tí àrùn ọkàn ti pa ẹnìkan nínú ìdílé rẹ̀, kí ó rí dókítà kí ó tó ra bàtà. Bí àyà bá ń fún un lójú eré, tí ìrora gba apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ó bá ti sáré fún oṣù kan tí sìgá rẹ̀ kò dínkù ńkọ́? Kí ó kọ́kọ́ mọ iye tí ó ń mu. Òfin ọdún 2015 kò fi àyè gba kí a máa ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń tà á ní àwọn ìsọ̀ wa, ẹni tí ó bá sì ń ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í mọ iye tí ó ti rà. Kí ó máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan náà tí ó ń kọ ìṣẹ́jú eré rẹ̀ sí. Bí iye náà kò bá yẹ̀, kí ó mú ìwé náà tọ dókítà lọ, nítorí oògùn wà tí ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́, eré nìkan kì í sábà tó. Kí ó sì tún jáde láti sáré ní ìdájí ọjọ́ kejì.